Kí Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lẹ́ Ṣáájú Okùn

Àwọn àgbà wa a máa wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, gbogbo wa ni a sì ń pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìṣe wa ní ìgboro, apá kìn-ín-ní rẹ̀ nìkan ni ó jọ pé a gbà gbọ́. Nígbàtí orí bá dàrú mọ́ ẹnìkan lójú ní ọjà, ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn a yá láti lọ wòran. Àwọn ọmọdé a ṣa òkúta, àwọn géńdé a wá okùn, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì le ju ti gbogbo wọn lọ ni yóò di olórí iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ìjòyè ìlú, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ni èyí: báwo ni ó ṣe yẹ kí a gba ẹni tí ìjì dé bá ọkàn rẹ̀, pàápàá jùlọ ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ìwòsàn jẹ́ iṣẹ́ wọn? Èrò tiwa ni pé egbòogi ni ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, pé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ni, àti pé ẹni tí kò bá kọ́ ọ kò tí ì parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti dókítà, bí ó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó.

A kò ní fi àgbọ́sọ bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú kan ní ilẹ̀ wa, àwa fúnra wa wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn nígbàtí wọ́n gbé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkùnrin mẹ́fà ni ó dì í mú. Okùn tí a fi ń so ewúrẹ́ ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó ti tó òru mẹ́rin tí kò ti fojú kan oorun, ó sì ń wí pé àwọn kan wà lẹ́yìn ògiri tí ń pète láti pa òun. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà jágbe mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì kan pariwo láti inú ilé wá. Òmíràn ń bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè nípa rẹ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀. Bí ariwo ti ń pọ̀ sí i ni ó ń jà sí i. Wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́. Ó dákẹ́. Àwọn òǹwòran yìn wọ́n pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n egungun ọrùn-ọwọ́ olùkọ́ náà ti ṣẹ́, eyín nọ́ọ̀sì kan sì ti kán. Nígbàtí ara rẹ̀ yá tí ó padà sílé, ó búra fún ìyá rẹ̀ pé òun kò tún ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilé ìwòsàn náà mọ́. Nítorí ìbúra yìí, kò padà lọ gba oògùn rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí àìsàn náà fi tún dé.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ibi kan náà ni wọ́n tún gbé e lọ, pẹ̀lú okùn kan náà; ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Obìnrin yìí kọ́kọ́ bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n máa lọ. Ó ní kí ọlọ́dẹ yẹra sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò ṣe òun nìkan. Ó dúró ní ibi tí ọwọ́ òun àti ti ọkùnrin náà kò lè kan ara wọn, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má baà dí ẹnu ọ̀nà, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn pé òfìfo ni. Nígbà náà ni ó wí pé: “Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹnikẹ́ni kò ní lù yín níhìn-ín. Ṣé ẹ ó mu omi?”

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú ohun tí obìnrin yìí sọ: “ẹ” ni ó fi pè é. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn tí ó ti kọ́ ní ìwé rí, àti àwọn tí ó fi ọdún púpọ̀ jù lọ, “ìwọ” ni wọ́n ń pè é: dìde, jókòó, pa ẹnu rẹ dé. Ó ti di ọmọdé lójú gbogbo ayé láàárín òru mẹ́rin. Nígbàtí ó gbọ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i, ó yí ojú sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ pa òun. Nọ́ọ̀sì náà kò wí pé irọ́ ni, kò sì wí pé òótọ́ ni. Ohun tí ó wí ni pé: “Ẹ̀rù ń bà yín gidigidi. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èmi náà kì bá tí lè sùn.” Lẹ́yìn èyí ó dákẹ́, ó sì dúró. Àwa tí a wà níbẹ̀ rò pé ìdákẹ́jẹ́ náà ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n òun kò kánjú. Nígbàtí ó ṣe, olùkọ́ náà ní kí wọ́n tú okùn ọwọ́ òun. Obìnrin náà dáhùn pé: “A ó tú u. Ẹ jókòó sórí àga yìí, kí n lè tú u tí kò fi ní dùn yín.” Ó jókòó. A tú u. Ó mu omi. Wọ́n bi í bóyá oògùn oníhóró ni ó fẹ́ ni tàbí abẹ́rẹ́. Ó mú èyí tí ó fẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ẹnu. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ gba oògùn.

Bóyá àwọn kan yóò wí pé oríire ni, tàbí pé obìnrin náà ní ẹ̀bùn àbímọ́ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn oníṣègùn ọpọlọ tí ń tọ́jú ọ̀ràn pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Project BETA, nínú èyí tí wọ́n ka ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀ fún pípẹ̀tù sí ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n ní kí a jìnnà sí i tó ìwọ̀n apá méjì; kí a má ṣe ohun tí yóò mú un bínú; kí ẹnìkan ṣoṣo bá a sọ̀rọ̀; kí gbólóhùn kúrú, kí a sì tún un sọ; kí a wá ohun tí ó ń fẹ́ àti ohun tí ń dùn ún; kí a tẹ́tí sí i; kí a gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí a bá lè gbà; kí a sọ ààlà fún un láìhalẹ̀; kí a fún un ní ohun méjì kí ó yan ọ̀kan, kí a sì fún un ní ìrètí; àti pé, nígbàtí ìjì náà bá ti rọlẹ̀, kí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí a bá fi ìwé yìí ṣe òṣùwọ̀n, kò sí èyí tí nọ́ọ̀sì wa ṣe lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú rẹ̀. Ìwé náà sì wí pé lọ́pọ̀ ìgbà iṣẹ́ yìí kì í gbà tó ìṣẹ́jú mélòó kan.

Kí ni ó fà á tí èyí fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀rù ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ nínú ìjà tí à ń rí. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ti ní ariwo tó nínú orí rẹ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá tún ń pàṣẹ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀lé. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé a fẹ́ pa òun, bí a bá dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn, a ti fi ọwọ́ ara wa mú ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣẹ. Bí a bá bá a jiyàn, a sọ ara wa di ọ̀tá. Bí a bá tàn án, yóò mọ̀ lọ́la, kò sì ní gba oògùn lọ́wọ́ wa mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ohun tí ó ń jìyà gbọ́, láìjẹ́ pé a gba àlá rẹ̀ gbọ́, a ti rí ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ lé. Nọ́ọ̀sì tí yóò ṣe èyí ní láti kọ́kọ́ mú ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀, nítorí ẹni tí inú tirẹ̀ ń ru kò lè pẹ̀tù sí inú ẹlòmíràn.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni ó ya wèrè. Ibà tí ó gun orí lè mú ènìyàn máa sọ kántankàntan. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀ jù, ọgbẹ́ orí, igbó mímu, àti ọtí tí ọ̀mùtí fi sílẹ̀ lójijì. Ìyá ọmọ tuntun lè bọ́ sínú abísínwín láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń fẹ́ kí a fọwọ́ kan ara, kí a gba ẹ̀jẹ̀, kí a béèrè ọ̀rọ̀. Ta ni yóò lè yẹ ẹni tí ènìyàn mẹ́fà jókòó lé lórí wò dáadáa? Okùn a máa dá ariwo dúró, ṣùgbọ́n ó tún ń pa àmì àìsàn mọ́ fún wa.

Àwọn tí ó dán ọ̀nà pẹ̀lẹ́ wò ti rí èso rẹ̀. Ní ọdún 2015, a tẹ àbájáde iṣẹ́ kan tí a ń pè ní Safewards jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a ṣe ní wọ́ọ̀dù 31 nínú ilé ìwòsàn 15. Níbi tí a ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ tútù àti àjọṣe rere pẹ̀lú àwọn aláìsàn, ìjà àti rúkèrúdò fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn wọ́ọ̀dù yòókù. Dídìmú, ìtìmọ́lé àti irú wọn sì fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni a sì ti rí ohun tí agbára ń fà. Ní ọdún 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 23 kan, Olaseni Lewis, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ wa ni, lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́pàá 11 ni ó dì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kò jí mọ́. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ikú rẹ̀ wí pé agbára tí a lò fún un pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́, títí tí ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 2018 tí ń ṣọ́ lílo agbára ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní Òfin Ṣẹ̀ní títí di òní. Ọmọ wa ni òfin yìí fi ẹ̀mí rẹ̀ rà fún àwọn ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ilé tirẹ̀ jẹ́ ibi tí a kò tí ì kọ́ ẹ̀kọ́ náà?

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé àṣà òyìnbó ni à ń gbé wá. Ilé tí ìjọba òyìnbó ṣí fún àwọn asínwín ní Yábà ní ọdún 1907, ilé ìtìmọ́lé ni ó jẹ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni ó yí ọ̀ràn náà padà: Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní ọdún 1923. Láti ọdún 1954, ní Aró, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọ́n sì ń sùn láàárín ènìyàn ní alẹ́. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa sí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ ní Abẹ́òkúta láti wá kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn: pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ṣì jẹ́ ọmọ ẹnìkan, aládùúgbò ẹnìkan.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa mọ ewé asofẹ́yẹjẹ, èyí tí ń mú ara asínwín rọlẹ̀. Láti ara igi tí ó bá a tan ní Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti yọ oògùn reserpine ní ọdún 1952. Síbẹ̀, àwọn baba wa kan náà kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ asínwín, wọ́n sì fi pàṣán lé ẹ̀mí àìrí jáde. Ìwà yìí kò tí ì tán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sí ibi 28 ní ìpínlẹ̀ 8 àti Àbújá. Wọ́n rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ẹsẹ̀ ènìyàn nínú ilé àdúrà àti ní ilé àwọn oníṣègùn, ti Kírísítẹ́nì àti ti Mùsùlùmí àti ti ìbílẹ̀. Nítorí náà ìtìjú yìí kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ti gbogbo wa ni.

A mọ àtakò tí yóò dìde. Èkíní, wọn yóò ní wèrè kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. A dáhùn pé ó ń gbọ́. Ohùn ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Èkejì, wọn yóò ní àwọn nọ́ọ̀sì kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ sí òkè òkun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ìdìmú ń fẹ́, nígbàtí ọ̀rọ̀ ń fẹ́ ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n sọ àti ẹnìkan tí ń ṣọ́ ọ. Ilé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ ni kò yẹ kí ó máa fi eyín wọn ṣòfò. Ẹ̀kẹta, wọn yóò béèrè pé bí ó bá mú àdá lọ́wọ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àkókò wà tí ọ̀rọ̀ kò ní tó. Nígbà náà kí àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà dì í mú, fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, kí ẹnìkan máa ṣọ́ èémí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́ dojú bolẹ̀ pẹ̀lú orúnkún lẹ́yìn. Kí wọ́n sì padà wá bá a sọ̀rọ̀ nígbàtí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì bí ó bá yẹ. Ohun tí àwa ń lòdì sí ni kí okùn jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ń wá.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín ni ìgboro wà. Ẹ pàṣẹ pé ẹni tí ó bá sọ òkúta lu asínwín jẹ̀bi ìlú. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ní àdúgbò gbogbo pé bí irú ọ̀ràn báyìí bá ṣẹlẹ̀, kí a tú àwọn òǹwòran ká, kí a wá ìbátan tí ẹni náà fẹ́ràn, kí ẹni náà nìkan pè é ní orúkọ tàbí oríkì rẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kí a tó ránṣẹ́ sí alágbára. Wọ́n a máa wí pé asínwín tí ó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Ẹ bá wa fagi lé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti ti ọjà padà sí ilé ayọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ béèrè bóyá a ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún, láti orí dókítà títí dé orí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, nítorí ọlọ́dẹ ni aláìsàn ń kọ́kọ́ rí. Ẹ béèrè bóyá yàrá ìdákẹ́jẹ́ kan wà, tí ó ní àga àti omi tútù. Ẹ béèrè iye ìgbà tí a fi agbára di ènìyàn mú lóṣù tí ó kọjá, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin pàápàá ti wà lẹ́yìn yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ayé àwọn òyìnbó ni a fi ń ṣe àkóso àwọn asínwín ní ilẹ̀ yìí, òfin ọdún 1916 àti ti 1958 tí ó tẹ̀lé e; ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ titun, èyí tí ó mú ẹ̀tọ́ àti iyì aláìsàn wọ inú ìwé òfin. Òfin tí kò bá ní ènìyàn tí ń béèrè rẹ̀, ìwé lásán ni.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí a gbé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn pẹ̀lú okùn ní ọwọ́ ń wo ojú wa láti mọ èyí tí a fẹ́ yọ. Wọ́n sì tún ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà, ọjà sì ń bẹ níwájú yín. Bí ẹ bá rí agbo àwọn òǹwòran ní ọ̀la, ẹ má kọjá lọ. Ẹ wọ àárín rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú ká, kí ẹ sì wí fún ẹni tí ó wà ní àárín náà pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́.”